Ìró Tí Màmá Mi Fi Wa Ọkọ̀

Nínú ìdílé bàbá mi, ẹnikẹ́ni kì í fi iṣu tuntun kan ẹnu kí ẹ̀gbọ́n bàbá obìnrin tó jẹ ẹ́. Tata ni gbogbo wa ń pè wọ́n, Bétérou ni wọ́n ń gbé, létí odò Wẹ́mẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá bá dá fún wọn, wọn ò ní fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀, omi pàápàá, títí iṣu yóò fi dé. Wọ́n á jẹ, bàbá á jẹ, àwa ọmọ á jẹ. Ìyàwó ilé ló ń jẹ kẹ́yìn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò ti gé ọ̀nà tí alùpùpù bàbá ń gbà láti Tchaourou tí à ń gbé. Màmá ní kí wọ́n yí ọjọ́ padà. Bàbá ní ọjọ́ tí àwọn bá dá fún ẹ̀gbọ́n àwọn kì í yẹ̀. Agídí ìdílé yẹn, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́! Bí àwa mẹ́ta ṣe kó iṣu wọ ọkọ̀ apẹja nìyẹn. Tonton tó ni ọkọ̀ ń fi ọ̀pá tì í.

Tata ò gba ti màmá mi rí. Tchatchou ni wọ́n ti bí màmá, gàrí ni wọ́n ń tà. "Ọmọ etí títì," ni Tata máa ń wí, "kí ló mọ̀ nípa odò?" Nítorí ẹ̀, màmá ró ìró tuntun tí wọ́n rà fún ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní lónìí, Tata ò ní rí nǹkan wí.

Odò kún. Tonton ti ọkọ̀ títí, igi kan náà ni à ń wò létí omi. Lọ́sàn-án gangan, fóònù portable bàbá dún. Ọmọ-ọmọ Tata ni: "Papa, ẹ tètè o! Òòyì ń kọ́ màmá àgbà, wọn ò sì gbà ká fún wọn lómi." Bàbá bẹ ẹ̀gbọ́n wọn lórí fóònù títí pé kí wọ́n mu omi, wọn ò gbọ́. Bàbá wá jókòó, wọ́n káwọ́ lérí. Mi ò rí ìbẹ̀rù lójú wọn rí.

Afẹ́fẹ́ dé láti ẹ̀yìn, ó gbá ìró màmá. Wọ́n bínú dìde láti tún un ró. Ìró náà fẹ̀, ọkọ̀ sì sún síwájú. Tonton figbe ta: "Ìyá, ẹ má jókòó mọ́!"

Màmá wo ìró, wọ́n wo odò, wọ́n sì tú u. Ó ku yẹ̀rì nídìí wọn. Bàbá di etí kan mú, mo so ìsàlẹ̀ mọ́ igi ìjókòó, màmá na ọwọ́ sókè di ìyókù mú. Háà, ọkọ̀ yẹn sáré! Obìnrin tí kò mọ̀wẹ̀, tó ń pe Jésù bí omi bá ta sí i lára, òun ló dúró ṣinṣin yẹn. Mo ní kí n gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n jágbe mọ́ mi: "Jókòó jẹ́jẹ́, àbí o fẹ́ dà wá sódò ni?" Apá ń ro wọ́n, wọn ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Orí mi wú.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí a gúnlẹ̀. Ìró ti fàya. Màmá fi àkísà ẹ̀ bo yẹ̀rì, ojú tì wọ́n, wọ́n sá sẹ́yìn mi. A yára sun iṣu, bàbá sì ròyìn gbogbo ẹ̀ fún Tata.

Tata bu iṣu. Wọn ò fi sẹ́nu.

"Ìyàwó, wá." Wọ́n fi iṣu náà sí màmá lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n!" ni bàbá wí. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

"Mo ti ń dúró láti àárọ̀, àbúrò. Jẹ́ kó gbé e mì."