Òórùn Ilé Alásè-Igi

Ìríra gbáà ni ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ bébà yẹn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Wọ́n gé igi inú igbó, wọ́n kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo rẹ̀ lọ́dà kan náà, wọ́n wá ń se igi tí wọ́n fi ń ṣe bébà nínú ìkòkò irin tó ga ju ilé lọ. Òórùn ibẹ̀ dà bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Bí àlejò bá di imú, àwọn ará ibẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Fà á símú dáadáa, oúnjẹ wa ló ń ta sánsán!"

Ẹni tí ẹnu rẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn ni bàbá tí wọ́n ń pè ní Alásè-Igi. Ìdí ìkòkò yẹn ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ní ń gbé níbòmíràn, ó sì ti búra pé òun ò ní gbé ọmọ òun wọ inú òórùn yẹn láéláé.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kógbá sílé, ọ̀gá àgbà pè wọ́n jọ, ó ní òórùn ti tán. Wọ́n fa imú. Lóòótọ́, kò sí nǹkan kan! Bàbá kun ilé, ó tẹ́ ibùsùn ọmọ, ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ lórí fóònù pé kó máa bọ̀ wá bá òun gbé.

Obìnrin náà dé, tòun tọmọ rẹ̀. Kò tíì wọlé tó fi bì.

"Bàbá mi, kí ló wà lẹ́yìnkùlé yín?"

"Kò sí nǹkan kan jàre. Ẹrọ̀fọ̀ dúdú tí ilé-iṣẹ́ dà síbẹ̀ kí wọ́n tó lọ ni. Ọ̀gá ní ó dáa fún ewébẹ̀. Mo ti gbin ẹ̀fọ́ sí i."

"Ẹ̀fọ́ kẹ̀! Ẹ̀gbin ìkòkò yín nìyẹn! Gbogbo àdúgbò ló ń rùn, ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Bàbá lọ bu ẹrọ̀fọ̀ náà, ó gbé e símú. Ó fà á títí ó fi lẹ̀ mọ́ irun imú rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìkòkò ti ba imú gbogbo wọn jẹ́, ọ̀gá sì mọ̀. Bàbá tutọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìríra.

"Irú ìwọ̀sí wo lèyí? Ọ̀gá da ẹ̀gbin sílé wa, ó ní ká gbóòórùn ẹ̀, a ní kò sí nǹkan kan!"

Àánú rẹ̀ ṣe ọmọ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. A ó sùn mọ́jú."

"Rárá o. Ẹ máa lọ kíákíá."

Òun fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù wọn padà sínú mọ́tò. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì pé kó gbé òun. Bàbá sún sẹ́yìn. Kò mọ̀ bóyá òun náà ń rùn, kò sì lè bi wọ́n léèrè.