Àyè Kan Ṣoṣo Nínú Kíláàsì Ìṣirò

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí fèrèsé ìforúkọsílẹ̀, ariwo tí mo gbọ́ níta, mo rò pé ìjà ni. Mo ti ń dìde kí n lọ wò ó. Bàbá Ògúnṣọlá, ọ̀gá mi, kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Wọ́n ní, "Jókòó, Dúpẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo sì ti gbàgbé nínú iṣẹ́ akọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni ibi iṣẹ́ wa, lójú ọ̀nà Ìbà, kò jìnnà sí oríta tí wọ́n ń pè ní Ìyànà-Ìbà. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ lónìí kò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá ní igbó àti igi àgbọn ló yí wa ká nígbà náà. Owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọ ìlú ni. Katapílà ń bú ramúramù lọ́nà Badagry láti àárọ̀ dalẹ́, eruku pupa ń bà lé oúnjẹ wa, ẹni tó bá sì ti rí iṣẹ́ gidi, alùpùpù ni yóò kọ́kọ́ rà. Ìjọba ní kí gbogbo ọmọ lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ wọn? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sáré dá ilé ẹ̀kọ́ tiwa sílẹ̀, tí wọ́n kó èèyàn kún inú rẹ̀ kí wọ́n tó rántí ra àga.

Iye àga tó bá wà nínú yàrá ni iye orúkọ tí a lè kọ. Tí àga bá ti tán, kíláàsì ti kún nìyẹn. Bàbá Ògúnṣọlá kì í pè é ní kíkún o. "A ti dé ìkòkò" ni tiwọn. Tí wọ́n bá ti yọ orí lójú fèrèsé, tí wọ́n ní, "Ẹ̀yin èèyàn, a ti dé ìkòkò Jọ́gíráfì o," ẹkún á sọ níta. Mo ti rí géńdé ọkùnrin onírùngbọ̀n tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń sunkún nítorí Bàọ́lọ́jì.

Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá kọ́ mi lọ́jọ́ náà. "Akọ̀wé kì í jáde lọ to ìlà fún wọn. Ẹni tó bá wà lójú fèrèsé ni tiwa. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹni tó wù ẹ́, lọ́la wọ́n á gbé adìẹ wá fún ẹ, lọ́tùn-únla wọ́n á máa bú ẹ." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti kórìíra òfin yẹn débi tí ojú mi ń pọ́n.

Ráfátù ló fà á. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń fi ìborùn funfun wé orí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe ń ṣí fèrèsé, mo rí i níwájú pátápátá. Ó kúnlẹ̀ kí mi láti ibi tó wà. Mo ní, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé rèé. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo tún wo ìta, mo bá rí i ní ìparí ìlà lọ́hùn-ún, lábẹ́ igi àgbọn. Mo rò pé ó lọ jẹun ni, wọ́n sì gba àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà ni: iwájú láàárọ̀, ẹ̀yìn lọ́sàn-án. Irú ìlà wo ló ń gbé èèyàn padà sẹ́yìn?

Lọ́jọ́rú, mo fojú sí i. Ohun tí mo rí pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí. Ẹ gbọ́, kì í ṣe ọmọdé nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣe tíṣà láti ọjọ́ pípẹ́ láìní ìwé ẹ̀rí, ìjọba ló ní kí wọ́n wá gbà á. Bàbá ọlọ́mọ wà níbẹ̀, abiyamọ wà níbẹ̀, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ní bárékè Ọ̀jọ́ wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọ̀nyí bá ti dé ẹ̀gbẹ́ Ráfátù, ọmọ náà á kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà." Á wá yẹ̀ fún un. "Ẹ máa bọ̀ níwájú, sà." Àgbà á ní, "O ṣeun, ọmọ mi, wàá dàgbà, wàá dògbó," á sì kọjá. Kò sẹ́ni tó tì í, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yẹ̀ tó ń bọ́ sẹ́yìn, àdúrà ni wọ́n sì fi ń sìn ín lọ.

Nígbà tí a ti fèrèsé kí a lè jẹun ọ̀sán, mo lọ bá a lábẹ́ igi.

"Kíláàsì wo lò ń wá?"

"Ìṣirò, mà."

"Ṣé o mọ̀ pé àga Ìṣirò ń tán lọ?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ìgbà yẹn ló wá sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ tó ń hun aṣọ kò fẹ́ kó kúrò nílé rárá. Ohun tí bàbá náà fi gbà ni pé ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà gbogbo ẹni tó bá kọ́ Ìṣirò. Tí kò bá ti rí Ìṣirò wọ̀, ìjọba kò ní dá sí i, bàbá rẹ̀ náà kò sì ní dá sí i. Ìsẹ́yìn ni yóò padà sí, nídìí òwú ríran, iṣẹ́ tí kò wù ú láti kékeré. Ó ní, "Mo fẹ́ràn ìṣirò gan-an ni, mà. Tí mo bá ń ṣe é, ebi kì í pa mí."

Inú bí mi. "Ìwọ tó o fẹ́ràn ẹ̀ tó báyìí, kí ló dé tó ò ń yẹ̀ fún gbogbo ayé?"

"Àgbà ni wọ́n, mà. Báwo ni mo ṣe máa dúró síwájú ẹni tó lè bí mi?"

"Ṣebí o máa ní, 'Ẹ má bínú, èmi ló kàn.' Ó parí."

"Háà, mà!"

"Wí i kí n gbọ́. Ká ní èmi ni àgbà náà."

Ó ya ẹnu. "Ẹ má bínú, mà, èmi..." Ó wo ilẹ̀. "Ẹ máa bọ̀ níwájú, mà."

Mo kọ́ ọ títí agogo fi lù, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Èmi náà kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Mo mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, kò tíì di ọ̀sán tí Bàbá fi yọ orí síta. "A ti dé ìkòkò Ìṣirò o." Bàbá kan àti ìyá kan péré ló kù níwájú Ráfátù, àwọn méjèèjì ló sì yẹ̀ fún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó kàn fi orí ti ògiri.

Mo bẹ Bàbá. "Ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ kan kún un, sà."

"Kó jókòó sórí kí ni? Sórí mi?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́mọ yẹn, sà."

"Mo rí i. Ó dùn mí. Àwọn yòókù tó ń sunkún níta ńkọ́? Ajá ló bí wọn ni?"

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo délé ní Igbó-Elérin, oúnjẹ kò wọlé. Ìyá mi ní, "Dúpẹ́, ṣé ìwọ lo gba iṣẹ́ yìí ni, àbí iṣẹ́ ló gbà ọ́?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun alùpùpù tuntun wá láti Òkókómaikò. Ó ti wọ kíláàsì Ìṣirò láti ọjọ́ Ajé, ó wá ní ká yọ orúkọ òun. Báńkì kan ní Èkó ti gbà á. Bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn, iṣẹ́ ló ń wá èèyàn kiri. Bàbá yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọjú sí mi. "Ìkòkò ti ṣí. Àyè kan ṣoṣo ló wà. Kéde ẹ̀."

Mo wo ìta. Ráfátù jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpótí rẹ̀, ó ti múra àtilọ sílé. Mo pariwo débi tí ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya: "Àyè kan ṣí ní Ìṣirò o!" Èèyàn sá wá láti ìhà gbogbo, ṣùgbọ́n Ráfátù ló sún mọ́ wa jù. Òun ló kọ́kọ́ dé ojú fèrèsé.

Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Màmá Tíṣà. Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Òkókómaikò kí wọ́n tó bí Ráfátù, èèyàn ńlá ni wọ́n, Bàbá Ògúnṣọlá pàápàá a máa ṣí fìlà fún wọn. Ìṣirò ni àwọn náà ń wá. Wọ́n dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká.

"Ọmọ mi, ǹlẹ́ níbí o."

Mo mọ ohun tó kàn. Mo fẹ́ kígbe pé, "Má yẹ̀ o!" ṣùgbọ́n Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kàn di bírò mú.

Ráfátù yíjú padà. Ó kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì ló fi kúnlẹ̀, lábẹ́ fèrèsé gan-an, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú oòrùn, mà. Àwọn ọmọ ńkọ́, mà?"

"Wọ́n wà. Dìde, ọmọ mi."

"Bàbá ńkọ́, mà?"

"Wọ́n wà dáadáa. Ó tó, dìde."

Kò dìde. Màmá fẹ́ gba ọ̀tún, ọmọ wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba òsì, ọmọ náà ló wà níbẹ̀. Àgbà wo ló fẹ́ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ọmọ tó kúnlẹ̀ kí i, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn? Ráfátù tẹrí ba síbẹ̀, ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé ìwé rẹ̀ ka ojú fèrèsé níwájú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ń bá Màmá sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, mà. Èmi ló kàn."

Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Gbogbo wa ló gbọ́ ọ.

Bàbá Ògúnṣọlá wò mí. "Ta ló wà lójú fèrèsé?"

"Ráfátù ni, sà."

"Kí lo wá ń wò?"

Mo kọ orúkọ rẹ̀. Mo ní láti nu ojú mi kí n tó lè sọ fún Màmá Tíṣà pé a ti dé ìkòkò. Ó dùn wọ́n, ó hàn lójú wọn. Ọdún mélòó ni wọ́n ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ení, èjì, ẹ̀ta.

"Ẹ kọ mí sí Yorùbá nígbà náà," wọ́n ní. "Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

Ráfátù ti dìde, ó ti kúrò lójú fèrèsé. Bó ṣe gbọ́ èyí, ó lọ síwájú Màmá, ó tún kúnlẹ̀ nínú eruku.

"Ẹ ṣeun, mà."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Èyí ńkọ́? Ti ìkíni ni, àbí ti ìforúkọsílẹ̀?"

"Ti ìkíni ni, mà." Ó gbé ojú sókè. "Ti àkọ́kọ́ náà, ti ìkíni ni."

Màmá Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fà á dìde, wọ́n fọwọ́ gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù, wọ́n sì tì í sọ́nà kíláàsì.

"Lọ, lọ jókòó sórí àga ẹ, kí àgbà mìíràn tó dé."