Ohun Tó Ń Yọ̀ Lẹ́yìn Ilé Wa

Abọ́ ike kan tí etí rẹ̀ ti sán ni ìyàwó mi gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ó ní olú ti hù sídìí kùkùté ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Mówè. Ìfọ̀ ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá olú tó ṣeé jẹ mọ̀ nínú igbó.

Èmi, olùkọ́ báyọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì, nǹkan mìíràn ni mò ń wò: ohun dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ ọ̀nà sìmẹ́ńtì tí a ń gbà dé ìdí kùkùté náà. Bí oòrùn bá mú, á gbẹ bíi bébà tó jóná. Bí òjò bá rọ̀, á wú, á máa yọ̀ bí ilá. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti ń bẹ̀ mí pé kí n ha á kúrò. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó dáadáa ná.

Láàárọ̀ yẹn, iṣẹ́ olùkọ́ tún gbé mi. Mo ní olú kì í pẹ́, tó bá ti rà, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ohun dúdú yìí bá gbẹ, omi á tún jí i. Mo ní ẹ̀dá méjì ló ń gbé inú rẹ̀: ọ̀kan, ìbátan olú, ń kọ́lé, èkejì ń fi oòrùn se oúnjẹ.

"Tíṣà, tí èyí tó ń se oúnjẹ bá wá lọ ńkọ́?" ìyàwó mi bi mí.

"Ebi á pa onílé."

"Ó kúkú yẹ ẹ́. Ṣé ẹ máa ha á lónìí?"

"Lọ́la."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lára mi níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí. Ìró abọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀, orí ló fi lu etí sìmẹ́ńtì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú ní ọsibítù.

Àwọn tó wá kí mi ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn ọmọ wa, pé ó ti bẹ̀ mí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó lè gba ẹ̀yìn ilé. Nǹkan náà ti gbẹ, ó dà bí òkú. Mo mú ṣọ́bìrì, mo ha á láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kùkùté, mo da eérú sí i, mo fi omi ṣan ibẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín lọ, mo rìn ín bọ̀. Kò yọ̀ mọ́.