Ìbéèrè Tí Tántì Mùínàt Ń Bi Àwọn Alàárù

A ti sin Tántì Mùínàt. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fi ẹ̀yìn rìn pa á nídìí ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ ní Kossodo, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já ẹrù. Awakọ̀ náà, tó ti ń fi tramadol dípò oorun láti ọjọ́ mẹ́ta, ní òun ò rí ẹnikẹ́ni. Kò purọ́. Kò rí ògiri tó kọlù lẹ́yìn náà pẹ̀lú.

Ogún ọdún ni Tántì fi ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn alàárù ibẹ̀, ó sì ní òfin kan. Bí tramadol bá ti mú kí ojú rẹ máa ṣe báìbáì, kò ní bu oúnjẹ fún ọ. Yóò na ìgbakọ sí ọ: “Kí lorúkọ ìyá ẹ?” Ẹni tó bá ń kólòlò, ó di abẹ́ máńgòrò, òun àti ike omi, títí yóò fi rántí.

Ojú mi ni Inoussa, géńdé tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan, ṣe ń sunkún níbẹ̀: “Tántì, pardon, lẹ́tà F ló fi bẹ̀rẹ̀!”

“Mu omi sí i.”

Nígbà tó pariwo “Faïza!”, ẹran méjì ló gbà. Láti ọjọ́ náà, kò gbé oògùn mì mọ́. Òun ló wà níwájú nígbà tí a gbé Tántì lọ sí itẹ́. Ó dùn mí wọra.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tántì ò dákẹ́ o! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí bureau àwọn aláṣẹ àdúgbò lórí kíóòsì tó ń ta oògùn yìí bí ẹni ń ta góòrò. Wọ́n á ní, “D'accord, Tántì, a ti gbọ́.” Wọ́n gbọ́ lóòótọ́. Ṣé etí la fi ń ti kíóòsì pa?

Ọ̀gá wọn wá síbi ìsìnkú, pẹ̀lú agbádá funfun àti awò ojú dúdú. Ó ní a pàdánù akọni obìnrin, “Tántì Ramatou wa.” Ramatou! Inú bí mi débi pé ẹ̀rín pa mí. Nígbà tí a ń bọ̀ láti itẹ́, kíóòsì ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ tilẹ̀ kí wa kú àráfẹ́rakù.

Ọ̀gá, òfin Tántì ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó gbàgbé orúkọ, abẹ́ máńgòrò ni. Ẹ wá jókòó. Ẹ má dìde títí ẹ ó fi sọ orúkọ obìnrin tó kú, orúkọ ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò ṣe nǹkan kan, àti ọjọ́ tí ẹ ó ti kíóòsì náà pa. Inoussa ti pọn omi sílẹ̀ dè yín.