Igbá Oúnjẹ Alùbáríkà

Aládùúgbò mi kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó níbí ti ra àgbò méjì sílé de Iléyá. Láàárọ̀ àná, ó rẹ èérí ọkà bàbà fún wọn nínú báfù, òórùn kíkan rẹ̀ sì gba orí fẹ́ǹsì wọlé tọ̀ mí wá níbi tí mo ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Mo gbé ife kalẹ̀. Ọmọ mi obìnrin rò pé òórùn náà ló ń dà mí láàmú, ó ti ń wá bàtà rẹ̀ kó lọ bá wọn jà. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Òórùn ẹṣin ni mo ń gbọ́, ní àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò so ẹṣin mọ́lẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọ̀kadà lẹ mọ̀ tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ní agbo ilé wa láàárín ìlú Òṣogbo, ẹṣin ló ń dúró níbẹ̀, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Pupa ni, funfun sì wà níwájú orí rẹ̀ bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Alùbáríkà ni orúkọ rẹ̀. Bàbá bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, ló ni ín. Ahunṣọ ni, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún hun sányán fáwọn ẹlòmíì kó tó rówó ra ẹṣin náà. Lọ́dọọdún, orí rẹ̀ ló máa ń gùn lọ sí Yídì, lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀ àti lọ́jọ́ Iléyá. Àwa ọmọ á máa sáré tẹ̀ lé e, a ó máa fẹlá bí ẹni pé àwa la wà lórí gàárì.

Bàbá Àgbà kì í fi oúnjẹ ẹṣin yìí ṣeré. Omi ni yóò kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn náà koríko tútù tí wọ́n ti gbọn ìrì rẹ̀ dànù. Ìgbà tí ẹṣin bá ti jẹ koríko dáadáa ni yóò tó bu ọkà bàbà, igbá kan péré. Igbá kékeré kan ni, etí rẹ̀ ti sán, wọ́n sì ti fi okùn rán an. Igbá kan láàárọ̀, igbá kan nírọ̀lẹ́. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ wà fún ọ̀sán, àti iyọ̀ díẹ̀ tí yóò máa lá. “Koríko ni oúnjẹ ẹṣin,” á wí, “ọkà kàn jẹ́ ọbẹ̀ ni. Ta ní í mu ọbẹ̀ yó?” Bí ẹnì kan bá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi díẹ̀ kún un, á ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ó tún máa ń sọ fún wa pé ẹṣin kì í bì. Èèyàn tó bá jẹ àjẹjù lè bì í kí ara rẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọnú ẹṣin kò lọ́nà àbọ̀. Àwa ọmọ fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín títí. Mo kábàámọ̀ ẹ̀rín náà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́wàá, Bàbá Àgbà ká ẹní rẹ̀ lọ sí mọ́sáláṣí. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò wà níbẹ̀ títí ààwẹ̀ yóò fi parí, nínú àdúrà àti Kùránì, òun kò ní fẹsẹ̀ kan ilé. Ó fa igbá náà lé àbúrò bàbá mi lọ́wọ́, ẹni tí à ń pè ní Bàbá Kékeré. Ó kìlọ̀ fún un gidigidi. Àwa yòókù ni kò kìlọ̀ fún.

Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn sì ni àwọn àlùfáà máa ń wàásù jù. Wọ́n ní láádá ń di ìlọ́po. Wọ́n ní ẹni tó bá bọ́ ẹran ọ̀sìn pàápàá yóò gba láádá, àti pé sàráà tó dáa jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yékéyéké. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní tó lè fi ṣe sàráà? Búrẹ́dì tí wọ́n ń fún mi ní sààrì ni. Láràárọ̀, mo máa ń fi ìdajì pamọ́ sábẹ́ ìborùn mi. Nígbà tí àwọn àgbà bá ti lọ kírun àsùbáà, mo máa ń lọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, màá wo ọ̀tún, màá wo òsì, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi kí láádá mi dín kù. Ètè Alùbáríkà máa ń rìn mí ní àtẹ́lẹwọ́. Inú mi máa ń dùn débi pé mo lè gbààwẹ̀ ìyókù ọjọ́ náà láìṣojo.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká túnu. Oòrùn yọ, Bàbá Kékeré gbé koríko fún ẹṣin, ẹṣin kọ̀ ọ́. Ó ń fẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ó ń yí orí wo ìhà ara rẹ̀, bí ẹni tí ẹnì kan ń gún níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó gbóná, òógùn ti bò ó, ikùn rẹ̀ ti wú, ó sì ń wá ibi tí yóò dùbúlẹ̀ sí. Bàbá Kékeré ń fà á yí agbo ilé ká kó má bàa yí gbirigbiri mọ́lẹ̀, ó ń ké “Lá ìláhà ilá Láhù” ní gbogbo ìgbà tí ẹṣin bá kúnlẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà ẹran. Ẹni tí wọ́n rán padà wá, ó ní dókítà ti lọ sí Iléṣà láti àná, kò tíì dé. Àwọn obìnrin ká ọwọ́ lérí. Èmi dúró síbi ògiri.

Èmi ni wọ́n rán sí mọ́sáláṣí. Mo bá Bàbá Àgbà nídìí Kùránì. Gbogbo ohun tí mo lè sọ ni, “Bàbá, Alùbáríkà ń kú lọ.” Àlùfáà kan tó wà nítòsí bẹ̀ ẹ́ pé kó má ba ìjọ́sìn ọjọ́ méje jẹ́ nítorí ẹran. Bàbá Àgbà pa Kùránì dé. “Ẹran tí mo so mọ́lẹ̀ ni,” ó ní. “Kò lè wá oògùn fúnra rẹ̀.” Ó wọ bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Mi ò rí i kó yára rìn báyẹn rí.

Nígbà tó dé ilé, ó fetí lé ikùn ẹṣin, ó gbọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Kí ló jẹ?”

Bàbá Kékeré búra. Igbá kan láàárọ̀, igbá kan nírọ̀lẹ́.

“Kí ló tún jẹ? Bí mo bá mọ ohun tó jẹ, màá mọ ohun tí màá ṣe. Ẹ jọ̀ọ́.”

Bàbá Àgbà kì í sọ “ẹ jọ̀ọ́” fún ẹnikẹ́ni nílé yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lẹ́nu. Mo ní, “Èmi ni, Bàbá. Búrẹ́dì ni mo ń fún un. Láràárọ̀.”

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀, bú sẹ́kún: òun ń da èérí ògì fún un nírọ̀lẹ́, kí òun tó ṣínu. Ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà láti Ọ̀tan-Ilé, kúnlẹ̀, ó ní, “Èèpo usu ni mò ń kó fún un, Bàbá. Mo sá a gbẹ o.” Lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń fi “usu” tó ń pe iṣu yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nílé wa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Bàbá Kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ búra tán wo ilẹ̀: lóòótọ́ igbá kan ni, ṣùgbọ́n òun ń bù ú kó ga bí òkìtì, nítorí Ọlọ́run.

Ẹnìkọ̀ọ̀kan wa rò pé òun nìkan ni.

Bàbá Àgbà wò wá yíká. Kò pariwo. “Gbogbo yín lẹ fẹ́ láádá,” ó ní. “Ta ló fẹ́ ẹṣin?”

Ó gba okùn lọ́wọ́ Bàbá Kékeré, ó sì ń fa ẹṣin rìn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, nínú oòrùn ọ̀sán, láti ìgbà ìrun àìlá títí oòrùn fi ń wọ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gba gbogbo láádá mi padà, kó mú búrẹ́dì mi jáde nínú ẹran yẹn. Nígbà tí wọ́n pe ìrun pé ká ṣínu, Alùbáríkà ṣubú, kò sì gbìyànjú láti dìde mọ́. Omi wà níwájú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó mu ún. Bàbá Àgbà gbé orí ẹṣin náà lé itan, ó dì í mú títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ ọdún, ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sí Yídì. Àwọn èèyàn ń kí i, “Ẹ kú ọdún, Bàbá. Ẹṣin ńkọ́?” Ohùn kan náà ló fi ń dá gbogbo wọn lóhùn: “Ó ti jẹun yó.” Kò ra ẹṣin mìíràn títí ó fi kú, kò sì bá ẹnikẹ́ni nínú wa wí mọ́. Ìbá dáa ká ní ó nà mí.

Wọ́n ti gé igi àgbálùmọ̀ náà. Ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń ta fóònù. Èèyàn sì ń ṣe sàráà síbẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni oore ṣì ń wu èèyàn ṣe ju kó béèrè lọ. Igbá yẹn wà lọ́dọ̀ mi. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni mò ń kó sínú rẹ̀.

Lánàá, mo mú ọ̀pá mi, mo yà sílé kejì, mo bi aládùúgbò mi pé kí ni àwọn àgbò rẹ̀ ti jẹ láàárọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, ṣebí a máa pa wọ́n náà ni.” Mo ní mo mọ̀, kí ni wọ́n jẹ? Ó ronú, ó pe ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó pe àwọn ọmọ. Èyí ní òun fún wọn ní ẹ̀wà, tọ̀hún ní òun fún wọn ní ìrẹsì, olúkúlùkù sì ń wo ojú ẹnì kejì. Mo padà sílé, mo kó abẹ́rẹ́ inú igbá náà kúrò, mo sì ní kí ọmọ mi lọ gbé e fún wọn. Mo ní kó sọ fún wọn pé ìkan láàárọ̀, ìkan nírọ̀lẹ́, kí gbogbo ilé sì máa mọ ẹni tó bù ú.