Eléyín Tó Ń Fi Àwo Wé Àwo

Bó o bá dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, má wulẹ̀ béèrè orúkọ. Eléyín ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí ẹ̀rọ tó fi ń lọ eyín á máa ké wìì-wìì-wìì létí rẹ̀ bí ẹ̀fọn tó mutí yó. Bí eyín iwájú rẹ kan bá yọ, á wo èyí tó kù lẹ́nu rẹ dáadáa, á sì ṣe ìkejì rẹ̀, débi pé ìyá tó bí ọ ò ní í mọ èwo ni ti Ọlọ́run, èwo ni ti Eléyín.

Òkè ilé Eléyín àtìyàwó rẹ̀ ni mò ń gbé. Àjà ilé wọn ni ilẹ̀ ilé tèmi, kò sì sí ohun tó dún nísàlẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ mi.

Ohun tó ń dún níbẹ̀ jù ni orin kílásíkà, orin àwọn tó ti kú tipẹ́, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Eléyín kì í kàn ṣe ẹni tó ń ra àwo káàkiri. Orin dùùrù kan ṣoṣo ló mú, orin tí kò ju bí ìdajì wákàtí lọ, ó wá ń kó gbogbo àwo tí ẹnikẹ́ni bá ti tẹ orin náà sí jọ. Àwo dúdú ńláńlá wà níbẹ̀, àwo kéékèèké tó ń dán bíi díńgí wà níbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì tí okùn inú rẹ̀ ti ń lọ́ wà níbẹ̀. Ògiri pálọ̀ kan kún fún un láti ilẹ̀ dé òkè.

Mo pàdé òun àtìyàwó rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan, àwo tuntun ló tún gbé dání.

Mo ní, "Ṣé orin kan náà ni gbogbo ẹ̀, sà?"

Ó wò mí bí ẹni tó rí eyín tó ti jẹrà. "Orin kan náà kọ́. Ẹnì kan ló kọ ọ́, àmọ́ ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ò jọra. Bí ọbẹ̀ ni. Ata kan náà, ẹran kan náà, ìyàwó méjì."

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé báàgì ọjà. Ó gbé e sí ọwọ́ kejì.

Bó bá ti dé ilé, á gbé àwọn àwo náà sórí ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa dá wọn lẹ́jọ́. Èyí ń sáré níbi tó yẹ kó rọra. Èyí ń sunkún níbi tí kò sí òkú. Èyí, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń pariwo mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Kì í ṣì í. Ká ní orí àwo nìkan ló fi mọ ni, ì bá dáa. Àmọ́ ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan wé nǹkan kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ìyàwó rẹ̀ máa ń kọrin bó bá ń fọ aṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí sílẹ̀ títí orin fi parí, ó wá ní, "Ohùn ẹ máa ń já bọ́ tó bá fẹ́ dókè. Ṣé o mọ̀? Ẹ̀gbọ́n ẹ máa ń gbé tiẹ̀ débẹ̀." Kò jágbe mọ́ ọn. Bí ìgbà tó ń sọ fún un pé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kan ti já ni. Láti ọjọ́ náà, àwo nìkan ló ń kọrin nínú ilé yẹn.

Ọkùnrin méjì ló máa ń wá bá a gbọ́ orin ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ọ̀kan ni Lọ́yà, ọkùnrin sísanra kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìkejì ni Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù nílé ìwé kan. Ẹnì kan á lọ sídìí ẹ̀rọ, á fi àwo sí i láìjẹ́ kí àwọn tó kù rí páálí rẹ̀, wọn á wá máa sọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ àti bó ṣe tẹ̀ ẹ́ sí. Lọ́yà máa ń méfò. Tíṣà máa ń mọ̀ ọ́n nígbà míì. Eléyín kì í tàsé.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà mú àwo kan wá tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ó fi í sórí ẹ̀rọ, ó jókòó, ó pa ọwọ́ pọ̀ sáàárín orúnkún. Eléyín gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ta nìyí?" ó ní. "Gbogbo ohun tó yẹ kó tẹ̀ ló tẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ bí akọ̀wé tó ń tẹ̀wé fún ọ̀gá ló ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìyà ò jẹ ẹ́ rí, ìfẹ́ ò sì pa á rí. Kí wọ́n gba dùùrù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kí wọ́n fún un lága kó jókòó."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi ni," Tíṣà wí.

Ẹ̀rín gé mọ́ Lọ́yà lẹ́nu. Ẹlòmíì, ibẹ̀ ló ti máa wá ọ̀rọ̀ kan fi tu ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. Eléyín mu tíì rẹ̀.

"Ó dáa bó ò ṣe sọ tẹ́lẹ̀," ó ní. "Tó o bá sọ ni, ǹ bá ti parọ́ fún ẹ."

Tíṣà náà wá rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni. Ìyàwó Eléyín tó gbé bisikíìtì dé rí i pé Tíṣà mú ọ̀kan, ó sì dá a padà. Tíṣà ò tún tẹ dùùrù níwájú àgbàlagbà kankan mọ́, àmọ́ kò yé wá ní ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọdún ń gorí ọdún, ẹ̀rọ tó ń lọ eyín sì ń jẹ Eléyín létí díẹ̀díẹ̀. Ohùn tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ bá a nínú kíṣìnnì lọ́jọ́ kan, ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́tù omi gbígbóná sì ń súfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pa. Kò gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, á ní ẹnu àwọn èèyàn òde òní ò já gaara mọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ rí dókítà, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀ ọ̀tún, ó ní, "Èyí? Etí tó ń mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Obìnrin náà ò lè mú un mọ́ra. Ó wọ aṣọ, ó lọ bá Tíṣà nílé ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ tútù mú un," ó bẹ̀ ẹ́. "Etí ẹ̀ ti ń lọ. Ohùn òkè, kò gbọ́ ọ mọ́ rárá. Ohun tó ń sọ fún yín lọ́jọ́ Àìkú, ó kàn ń rántí ẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ mọ̀."

"Ẹ má mikàn, ìyàwó wa," Tíṣà dáhùn. "Ọ̀rọ̀ yẹn ti dọ́wọ́ mi."

Lóòótọ́, ó ti dọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Tíṣà ló lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó ti bá Lọ́yà sọ ohun tó fẹ́ ṣe lójú ọ̀nà. "Apá àárín nìkan la máa fi wéra lónìí," ó sọ fún Eléyín. Àwọn tó mọ orin náà mọ̀ pé ohùn òkè nìkan ló wà ní apá yẹn, tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn. Ó fi àwo kìíní sí i. Eléyín sọ tiẹ̀, Lọ́yà mirí. Ó wá fi ìkejì sí i, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e, ó sì yí ohùn ẹ̀rọ náà wálẹ̀ pátápátá.

Àwo ń yí. Kò sí ohun tó ń dún. Lọ́yà ká apá lérí ikùn, ó dijú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Eléyín la ojú kan, ó rí bí Lọ́yà ṣe ń mirí, ó tún pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu orúnkún rẹ̀.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ fi gbé tíì wọlé. Ó dúró. Ó wo àwo tó ń yí, ó wo Tíṣà. Tíṣà ò gbójú kúrò. Ó fi ìka lé ètè, ó sì fa àga kan síwájú fún un.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kó pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kó fọ ife kan mọ́lẹ̀, ohunkóhun. Obìnrin náà gbé tíréè sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ife ò kan ife. Ó jókòó. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

Nígbà tí Tíṣà gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ó fọwọ́ kan Eléyín léjìká pé ó ti parí. Eléyín mí kanlẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan," ó ní. "Mi ò gbọ́ irú èyí rí. Àwọn tó kù máa ń fẹ́ ká mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀. Eléyìí yọ ara ẹ̀ kúrò pátápátá."

Lọ́yà bú sẹ́rìn-ín. Ó ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀. "Pátápátá! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí o! Pátápátá!"

Eléyín kọ́kọ́ bá a rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà òun ló dùn. Ó wá yíjú. Etí ló ti ń lọ, ojú rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Ó rí ibi tí wọ́n yí bọ́tìnnì ohùn dé. Ó wo Tíṣà, ó wo Lọ́yà. Lẹ́yìn náà ló wo ìyàwó rẹ̀, tí orí rẹ̀ ò tíì dúró tán.

"Ẹ mu tíì yín," ó ní.

Lọ́yà ò lè pa irú ìyẹn mọ́ sínú. Ó sọ ọ́ ní kóòtù, ó sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń gẹrun. Kò pẹ́ tó fi di pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn á dúró níwájú Eléyín, wọn á máa mi ètè láìsọ nǹkan kan, wọn á wá máa rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣe eyín rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Tíṣà wá sílé. Orí àtẹ̀gùn ni Eléyín ti gbà á, èmi sì ń gbálẹ̀ lókè. Kí Eléyín tó lè gbọ́, àfi kó pariwo.

"Mo wá bẹ̀ yín ni! Ohun tí mo ṣe ò dáa!"

"Kò dáa," Eléyín dáhùn. "Àmọ́ ó gba ọgbọ́n. Apá àárín lo mú. Mi ò mọ̀ pé o lọ́gbọ́n tó bẹ́ẹ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ pé kí Eléyín bọ òun lọ́wọ́.

"Ìyẹn ò kan dùùrù tó o tẹ̀ o," Eléyín ní. "Mo ti tún ún rò. Ó burú ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ."

Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ tó nà ò tíì padà wálẹ̀ dáadáa. Mi ò rí i ládùúgbò wa mọ́.

Ó wá ku òun àtìyàwó rẹ̀. Wọ́n ń gbélé, wọ́n ń jẹun, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ọjọ́ náà, títí di ọ̀sán Sátidé kan tí ooru mú, tí gbogbo fèrèsé ilé wa wà ní ṣíṣí.

"Kí ló dé tó o fi jókòó lọ́jọ́ náà?" Ohùn Eléyín ni, ó lọ sókè ju bó ṣe rò lọ, bí ohùn àwọn tí etí wọn wúwo.

Mi ò gbọ́ ìdáhùn. Ó ní láti jẹ́ pé ó rọra sọ ọ́.

"Ẹ̀n?"

"Ó rẹ̀ mí!" obìnrin náà ké. "Látìgbà tí mo ti wọlé ẹ ló ti rẹ̀ mí! Kò sí ohun tó ò fi mí wé! Ó wù mí kí ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí!"

Láti ọdún tí mo ti ń gbé òkè wọn, "ẹ" ló máa ń fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó pè é ní ìwọ.

"Ẹ̀n? Kí lo wí?"

Ó tún un sọ. Ó pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dín kù nínú rẹ̀. Ó ní ó rẹ òun, òun sọ pé ó rẹ òun. Ẹnì kan lódìkejì òpópónà fa fèrèsé rẹ̀ dé. Èmi náà fa tèmi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ilé mi ò ní fèrèsé.

"Kí ló ṣe ẹ́?" Eléyín béèrè. "Mi ò gbọ́."

Ohùn obìnrin náà ló tún dún.

"Mo ní kí ẹ jẹun!"

Mo gbọ́ tí ṣíbí kan àwo oúnjẹ.

Obìnrin náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò tíì mọ̀ títí dòní bóyá ọkọ òun ò gbọ́ lóòótọ́, àbí ó gbọ́ tó kàn fẹ́ kí òun tún un sọ. Ọkọ rẹ̀ ti wá lọ rí dókítà níkẹyìn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí. Ó lò ó fún ìgbà díẹ̀, ó yọ ọ́. Ó ní gbogbo ayé ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń lu garawa, àti pé ti òsì tilẹ̀ burú ju ti ọ̀tún lọ. Inú ike kékeré kan ló wà, lórí fìríìjì. Obìnrin náà ló ń bá a ra bátìrì rẹ̀. Bátìrì a máa tán, á tún lọ ra òmíràn. Kò bi í rí ìgbà tó ń lò ó.