Férémù Tó Ṣeé Ṣí

Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ló pàdé mi ní Malu Road lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aṣọ àwòrán ara ògiri tí ìyá mi fi sílẹ̀ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi, nítorí ikán ti jẹ férémù rẹ̀ tán. Ọmọkùnrin oníférémù ń fi férémù oníke tó ń dán hàn mí, ó ní òun ló wà lóde báyìí. Kí n tó dáhùn, mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní òpópónà yẹn kan náà.

Lébìrà ni bàbá mi ní èbúté Àpápá. Inú òkìríkà ló ti ra aṣọ náà: àgbọ̀nrín méjì tó ń mu omi lẹ́sẹ̀ òkè, tí Ìyá Sikírù, ará ilé wa, ń pè ní ewúrẹ́ òyìnbó títí ó fi kú. Bàámi kàn án mọ́ òkè ògiri, nítorí omi tó máa ń wọlé ní Ajégúnlẹ̀ nígbà òjò ti gbé gbogbo ìwé wa lọ. Ẹ̀yìn aṣọ náà ló wá ń kọ orúkọ wa àti ọjọ́ tí wọ́n bí wa sí: èmi, Mojí, lẹ́yìn náà Àkànní.

Àkànní kò lò tó ọdún méjì. Àwọn ará ilé ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n ní kí Bàámi pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kí ọkàn Màámi lè fúyẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nílé wa, kò sì ní fọ́tò kankan. Nígbà tó di ọdún kejì, Bàámi náà kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gun àga, mo ká etí aṣọ náà sókè, mo sì rí i pé Bàámi kò pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ̀rù bà mí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òjò ọdún yẹn le. Aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bu, funfun ń hù lójú àwọn àgbọ̀nrín. Ìyá mi kò ní ohun mìíràn tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kàn mọ́, ló bá fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó fà mí lọ́wọ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ọ̀dọ̀ bàbá oníférémù kan ní Malu Road. Férémù aláwọ̀ wúrà kan, tòkunbọ̀ bíi ti aṣọ náà, tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí igun rẹ̀, ló wọ̀ ọ́ lójú. Baba náà, ará Ùròbò ni, ó ní ó dáa.

“Màdáámù, no wàhálà. Gọ́ọ̀mù la máa fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó.”

Màámi ní kò burú bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá lẹ̀ pa, pé ilé ìwé ti kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ òun sílẹ̀. Baba ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo gọ́ọ̀mù. Mo kígbe.

“Ẹ má lẹ̀ ẹ́. Orúkọ Àkànní wà níbẹ̀, Màámi. Bàámi ò pa á rẹ́.”

Mo rò pé ó máa gbá mi létí ni. Ìyá mi jókòó sórí ìdì pákó. Ó dojú aṣọ náà dé, ó na ìka rẹ̀ fún mi kí n fi hàn án, torí kò mọ̀wé.

“Èwo ni tiẹ̀?”

Mo gbé ìka rẹ̀ lé ìlà kẹta. Ó sunkún lójú àlejò, èmi náà sunkún. Baba dé agolo rẹ̀, ó sì fi pákó àpótí ẹrù ṣe férémù mìíràn fún wa, tí kò lẹ́wà rárá, tí ìkọ́ kékeré méjì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú.

N kò rí Màámi kí ó ṣí i rí láyé rẹ̀. Ìgbà tó kú tí mo gbé férémù náà sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí i pé ìkọ́ méjèèjì ń dán, ní Ajégúnlẹ̀ tí irin kì í pẹ́ dípẹtà. Ìlà tèmi àti ti Mojí ṣì hàn gbangba. Ti Àkànní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ìka Màámi ló pa á rẹ́.

Férémù pákó ti di oníke, omi ṣì ń wọlé ní Ajégúnlẹ̀. Ọmọkùnrin náà ń bi mí bóyá aláwọ̀ wúrà ni mo fẹ́ àbí dúdú.

Mo ní èyí tó bá wù ú ni kó lò, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣáà ti ṣeé ṣí.